Àwo Orin Inú Pálọ̀: Ipa Rẹ̀ nínú Ìtàn Lítíréṣọ̀ Alohùn, láti Èkó dé Port Harcourt

Ìfáàrà

Àwọn onímọ̀ ti kọ ohun púpọ̀ nípa orin Yorùbá bó ṣe ń wáyé lójú agbo: níbi ìgbéyàwó, níbi ìsìnkú àgbà, lójú ọdún ìbílẹ̀. Èyí tí wọn kò fi bẹ́ẹ̀ kọbi ara sí ni orin tí à ń gbọ́ nínú ilé lẹ́yìn iṣẹ́ òòjọ́, nígbà tí onílé bá yọ àwo kúrò nínú páálí rẹ̀, tó nù ún, tó sì gbé abẹ́rẹ́ lé e. Níbẹ̀, kò sí òṣèré, kò sí ìnáwó lójú agbo. Olùgbọ́ nìkan ló kù. Síbẹ̀, ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ti mọ oríkì àwọn tí wọn kò rí rí, ibẹ̀ ni wọ́n sì ti gbọ́ èdè tí wọn kò lè sọ. Àpilẹ̀kọ yìí tọ ipasẹ̀ àwo orin láti Èkó dé Port Harcourt, láti fi hàn pé àkójọ àwo inú pálọ̀ jẹ́ ìwé ìtàn tó ń ṣègbé lọ díẹ̀díẹ̀.

Àwo àti Gígùn Orin

Ní ọdún 1922, nígbà tí Àlùfáà J. J. Ransome-Kuti wà ní Lọ́ńdọ̀nù, ó kọ àwọn orin Yorùbá sínú àwo fún Zonophone. Ní 1936, Túndé King kọ orin jùjú sínú àwo Parlophone. Àwo ìgbà náà, tí wọ́n fi oje tí kòkòrò kan ń sun jáde ṣe, a máa yí ní ìgbà 78 láàrin ìṣẹ́jú kan. Ó wúwo, bó bá sì bọ́ lọ́wọ́ ẹni, ó fọ́ nìyẹn. Ojú rẹ̀ kan kì í sábà gbà ju nǹkan bí ìṣẹ́jú 3 lọ.

Ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe ti ẹ̀rọ lásán. Akéwì tó lè fi òwúrọ̀ kan gbáko ki ìdílé kan gbọ́dọ̀ yan ohun tí yóò wọ inú ìṣẹ́jú 3: orúkọ, orírun, ìwà kan tàbí méjì, ó parí. Nígbà tí Columbia gbé àwo ńlá tí ń yí ní ìgbà 33 àti ìdá kan nínú mẹ́ta jáde ní Amẹ́ríkà ní 1948, ojú àwo kan lè gbà tó nǹkan bí ìṣẹ́jú 20. Nígbà tí irú àwo bẹ́ẹ̀ di gbajúmọ̀ lọ́wọ́ àwọn olórin wa, pàápàá láàrin 1970 sí 1980, Ebenezer Obey, Sunny Adé àti Àyìnlá Ọmọwúrà lè jẹ́ kí orin kan ṣàn wọ inú òmíràn láìdúró, títí ojú àwo yóò fi tán. Òwe, ìtàn, ìmọ̀ràn àti oríkì olówó rí àyè jókòó pọ̀. Ẹni tó bá ń ṣe àtúpalẹ̀ ewì inú jùjú tàbí àpàlà láìka ìwọ̀n àwo sí ń fojú fo ìdí pàtàkì kan tí ewì náà fi gùn tàbí tó fi kúrú.

Àwo tún di ibi ìpamọ́ ìtàn. Orin tí Haruna Ishọ̀lá kọ nípa Ọba Adéboyè, Orímolúsì Ìjẹ̀bú-Igbó, wà lára àwọn tó sọ ọ́ di olókìkí. Ọba wàjà, ọ̀kọrin náà kú ní 1983, ṣùgbọ́n ẹni tó bá ní àwo náà lè gbọ́ orúkọ àwọn méjèèjì lójúmọ́. Haruna àti I. K. Dairo mọ ìníyelórí irú nǹkan bẹ́ẹ̀. Ní 1969 wọ́n dá Star Records sílẹ̀, kí èrè iṣẹ́ wọn má baà máa bọ́ sọ́wọ́ àwọn òyìnbó nìkan.

Port Harcourt: Orin Tó Ré Kọjá Èdè

Ìlú tí ìjọba amúnisìn dá sílẹ̀ nítorí èbúté ni Port Harcourt. Orúkọ Lewis Harcourt, mínísítà òyìnbó tó wà nídìí ọ̀rọ̀ àwọn ìlú amúnisìn, ni wọ́n fi pè é ní 1913; ní 1916, ojú irin tó ń kó èédú láti Enugu ti dé ibẹ̀. Ìkwerre ló ni ilẹ̀, ṣùgbọ́n Ìjọ́, Ìgbò, Yorùbá, Haúsá àti àwọn mìíràn ló wá ṣiṣẹ́ níbẹ̀. Nínú irú ìlú bẹ́ẹ̀, orin háíláìfù ni gbogbo wọn jọ ń jó.

Ẹni tó fi èyí hàn jù lọ ni Rex Jim Lawson, ọmọ Kalabari, tí wọ́n bí sí Buguma ní 1938. Ìgbò ni ìyá rẹ̀. Àwọn Yorùbá ní ilé là ń wò kí a tó sọmọ lórúkọ. Òbí Lawson pẹ̀lú wo ilé. Ìtàn sọ pé wọ́n ti pàdánù ọmọ ṣáájú rẹ̀, wọ́n sì sọ ọ́ ní Erekosima, èyí tó túmọ̀ sí ‘ẹ má sọ ọ́ lórúkọ’. Ẹni tó bá mọ Málọmọ́ àti Kòsọ́kọ́ kò nílò ògbufọ̀ níbí. Lawson bá Bobby Benson àti Victor Ọláìyá ṣiṣẹ́ kí òkìkí tirẹ̀ tó kàn, ó sì kọrin ní èdè púpọ̀. Ó kú nínú ìjàm̀bá ọkọ̀ lọ́nà Warri ní oṣù Ṣẹẹrẹ, 1971. Síbẹ̀, ‘Sawale’ tó kọ kò kú: ní nǹkan bí ogójì ọdún lẹ́yìn náà, Flavour, ọmọ Ìgbò, tún un kọ, àwọn ọ̀dọ́ tí wọn kò gbọ́ orúkọ Lawson rí sì jó o káàkiri Nàìjíríà.

Báyìí ni orin ṣe ń dé ibi tí èdè kò dé. Ẹni tí kò gbọ́ Kalabari yóò kọ́ ègbè lẹ́nu kí ó tó mọ ìtumọ̀ rẹ̀. Bó bá yá, yóò bi aládùúgbò rẹ̀ léèrè. Yíyá ara ẹni láwo, pípe ọ̀rẹ́ wá gbọ́ èyí tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde, bíbéèrè pé ‘kí ni ẹ ń gbọ́ lọ́wọ́?’, gbogbo rẹ̀ sọ pálọ̀ di ilé ẹ̀kọ́ èdè tí kò ní olùkọ́. Ní 1976, ‘Sweet Mother’ ti Prince Nico Mbarga, tí Rogers All Stars gbé jáde ní Onitsha, fi èdè Píjìn wọ ilé olówó àti tálákà. Bẹ́ẹ̀, ilé-iṣẹ́ EMI ti kọ orin náà ṣáájú.

Àdánù

Ogun abẹ́lé 1967 sí 1970 ni àdánù àkọ́kọ́. Nígbà tí ọmọ ogun ìjọba àpapọ̀ gba Port Harcourt ní oṣù Ẹ̀bìbí, 1968, ọ̀pọ̀ Ìgbò ti sá fi ilé wọn sílẹ̀, púpọ̀ nínú wọn kò sì rí ilé náà gbà padà. Ta ni yóò ru àwo orin nígbà tí ọmọ wà lẹ́yìn?

Àdánù kejì kò mú ariwo lọ́wọ́. Lẹ́yìn ètò ọrọ̀-ajé SAP ti 1986, owó náírà já wálẹ̀, àwo di ọ̀wọ́n, kásẹ́ẹ̀tì sì gba ipò rẹ̀. Kásẹ́ẹ̀tì mú kí ó rọrùn láti fún ẹlòmíràn ní orin, ṣùgbọ́n ó fa ìwà olè, débi pé òfin tuntun lórí ẹ̀tọ́ òǹkọ̀wé àti olórin jáde ní 1988. Ohun mìíràn tí a kì í sábà rántí ni pé ẹni tó da orin kọ sínú kásẹ́ẹ̀tì kì í da páálí kọ: orúkọ àwọn onílù, nọ́ńbà àwo àti ọdún tó jáde ló pòórá. Fóònù ìwòyí náà ń tẹ̀ lé ọ̀nà kan náà.

Àwọn àjòjì ti mọ ohun tó ń sọnù. Ní 1993 àwo kò fi bẹ́ẹ̀ níyì lójú ọmọ Nàìjíríà. Ní 2008, ilé-iṣẹ́ Soundway ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ṣa àwọn orin wa ti 1970 sí 1976 jọ, wọ́n sì pe àkójọ náà ní Nigeria Special. Nílé, Fẹ́mi Èṣhó àti Evergreen Musical Company rẹ̀ ní Èkó gbìyànjú, ṣùgbọ́n iṣẹ́ ẹnì kan kọ́.

Àgbálọgbábọ̀

Àwo orin jẹ́ lítíréṣọ̀ alohùn tó ní ọjọ́ lórí. Oríkì tí a gbà sílẹ̀ lẹ́nu àgbà lónìí kò lè sọ bí wọ́n ṣe kì í ní 1936; àwo lè sọ ọ́. Nítorí náà, iṣẹ́ tó wà níwájú akẹ́kọ̀ọ́ èdè ṣe kedere: kí ó wọ pálọ̀ àwọn àgbà, kí ó kọ orúkọ olórin, nọ́ńbà àwo, ọdún, èdè àti orúkọ àwọn tí a kì sílẹ̀, kí ó sì béèrè ìdí tí wọ́n fi ra àwo náà àti àwọn tí wọ́n jọ gbọ́ ọ. Omi ń rin páálí, ooru ń ká àwo kò, àwọn tó lè dáhùn ìbéèrè náà sì ń dàgbà. Bí olówó àwo bá lọ, tí àwọn ọmọ bá kó ẹrù baba wọn síta, ohun tí kò lè sọ̀rọ̀ mọ́ ni ilé ìkàwé yóò bá níbẹ̀.