Ìṣẹ́jú Mẹ́wàá ní Dokki

Òwúrọ̀ ọjọ́ Ajé, January 25, 2016. Cairo dákẹ́. Ọjọ́ ìsinmi ni. Àyájọ́ àwọn ọlọ́pàá Íjíbítì ni ọjọ́ náà tẹ́lẹ̀. Láti 2011, ó tún di àyájọ́ ọjọ́ tí èrò bẹ̀rẹ̀ sí í ya lọ sí Tahrir Square láti lé Ààrẹ Hosni Mubarak kúrò lórí oyè. Ó pé ọdún márùn-ún lónìí. Àwọn ọlọ́pàá ti dúró wámúwámú sí àárín ìlú.

Kí ọjọ́ náà tó pé ni wọ́n ti ń wọ ilé kiri ní àdúgbò Tahrir. Wọ́n ń kan ilẹ̀kùn. Wọ́n ń béèrè ta ló ń gbé ibẹ̀, wọ́n sì ń yẹ ohun tí àwọn ayálégbé kọ sórí Facebook wò. Wọn ò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni tú jáde lọ́dún yìí.

Aago méjìlá ọ̀sán. Àwọn díẹ̀ tó ń yẹ́ ìjọba sí nìkan ló wà ní Tahrir. Ọ̀pọ̀ èèyàn ti ilẹ̀kùn mọ́rí. Wọ́n ti kìlọ̀ fún àwọn àjèjì pé kí wọ́n má rìn lónìí.

Ní Dokki, lódìkejì odò Náílì, ọ̀dọ́mọkùnrin ará Ítálì kan wà nílé. Kò tíì ju ọjọ́ mẹ́wàá lọ tó pé ọmọ ọdún 28. Òun àtàwọn méjì mìíràn ni wọ́n jọ háyà ilé náà. Ó gbọ́ èdè Lárúbáwá dáadáa. Yunifásítì Cambridge ló ti ń kàwé fún oyè ọ̀mọ̀wé nínú ọ̀ràn ìṣèlú àti ìdàgbàsókè àwọn orílẹ̀-èdè. Láti September ló ti wà ní Cairo fún iṣẹ́ ìwádìí.

Ẹni tó bá ti ka irú ẹ̀kọ́ bẹ́ẹ̀ dé ìpele yìí mọ̀ pé ìwé inú yàrá ìkàwé kò tó. Akẹ́kọ̀ọ́ gbọ́dọ̀ lọ bá àwọn tó ń kọ̀wé nípa wọn. Ó gbọ́dọ̀ jókòó tì wọ́n, kó béèrè ọ̀rọ̀, kó tún padà lọ lọ́jọ́ kejì. Ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ tí kì í ṣe ti ìjọba ni ọ̀dọ́mọkùnrin yìí ń kọ̀wé lé lórí. Láàárín wọn, àwọn tó ń pàtẹ lẹ́bàá títì ló mú un lọ́kàn jù. Ó máa ń lọ bá wọn lọ́jà tó wà lẹ́yìn ibùdó ọkọ̀ ojú irin Ramses. Báwo lẹ ṣe ń kóra jọ? Ta ló ń sọ̀rọ̀ fún yín? Kí ló ń ṣẹlẹ̀ tí ọlọ́pàá bá kó ọjà yín? Irú ìbéèrè tó ń béèrè nìyẹn. Kò sí àṣírí ìjọba kankan nínú rẹ̀. Ohun tí ìyálọ́jà èyíkéyìí lè dáhùn láìṣí ojú sókè kúrò nídìí àtẹ ni.

Aago mẹ́fà ìrọ̀lẹ́. Oòrùn ti wọ̀. Kò sí ìwọ́de tó lágbára níbì kankan. Ó jọ pé ọjọ́ náà ti fẹ́ parí ní pẹ̀lẹ́tù.

Aago méje kọjá. Ọ̀dọ́mọkùnrin náà ń múra òde. Ọ̀mọ̀wé ará Íjíbítì kan ń ṣe ọjọ́ ìbí, wọ́n sì pè é. Òun àti ọ̀jọ̀gbọ́n ará Ítálì kan, ọ̀rẹ́ rẹ̀, ti fi àdéhùn sí ìtòsí Bab al-Louk, kí wọ́n lè jọ lọ. Ó gbọ́ orin Coldplay kan kó tó jáde.

Aago 7:41. Ó tẹ àtẹ̀jíṣẹ́ ránṣẹ́ sí olólùfẹ́ rẹ̀. Ó ní òun ń jáde. Kò ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Ibùdó ọkọ̀ abẹ́ ilẹ̀ tí wọ́n ń pè ní El Bohoth kò jìnnà sílé. Láti ibẹ̀, ibùdó mẹ́rin péré ló kù kó tó sọ̀ kalẹ̀.

Aago 7:51. Fóònù rẹ̀ kan nẹ́tíwọ́ọ̀kì ní ìtòsí ibùdó náà.

Aago mẹ́jọ kọjá ogún ìṣẹ́jú. Ọ̀jọ̀gbọ́n náà ṣì ń dúró. Ó pè é. Fóònù ń dún, kò sẹ́ni tó gbé e. Ó tún un pè. Kó tó di aago mẹ́jọ ààbọ̀, fóònù náà ti kú.

Ọjọ́ ìbí ń lọ lọ́wọ́ níbi tó yẹ kí ọ̀dọ́mọkùnrin náà wà.

Nǹkan bí aago mọ́kànlá ààbọ̀ alẹ́. Ọ̀rọ̀ ti dé etí ikọ̀ Ítálì ní Cairo. Wọ́n ń wá akẹ́kọ̀ọ́ kan.

Ọjọ́ kan kọjá, òmíràn tún kọjá. Ọjọ́ kẹsàn-án, February 3, wọ́n rí òkú rẹ̀ nínú kòtò lẹ́bàá ọ̀nà aṣálẹ̀ tó lọ sí Alexandria. Giulio Regeni ni orúkọ rẹ̀. Wọ́n ti dá a lóró fún ọ̀pọ̀ ọjọ́ kó tó kú. Ìyá rẹ̀, Paola Deffendi, sọ lẹ́yìn náà pé ṣóńṣó imú rẹ̀ nìkan lòun fi dá a mọ̀.

Ọlọ́pàá kan kọ́kọ́ sọ pé jàǹbá ọkọ̀ ni. Ní March, àwọn ọlọ́pàá yìnbọn pa ọkùnrin márùn-ún, wọ́n ní àwọn ọkùnrin náà ló jí i gbé. Wọ́n to ìwé ìrìnnà rẹ̀ àti káàdì Cambridge rẹ̀ sórí àwo fàdákà kan, wọ́n ya fọ́tò rẹ̀. Ìwádìí àwọn ará Ítálì kò gba ìtàn náà gbọ́.

Ọ̀nà mìíràn ni ọ̀rọ̀ náà ti bẹ̀rẹ̀. Ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù January yẹn, olórí ẹgbẹ́ àwọn tó ń pàtẹ lẹ́bàá títì jókòó ti Regeni. Kámẹ́rà bíńtín wà lára aṣọ ọkùnrin náà, ti ọlọ́pàá ni. Ó ní ara ìyàwó òun ò yá, òun ń fẹ́ owó. Ẹgbẹ̀rún mẹ́wàá pọ́n-ùn tí àjọ kan ní Britain lè fi ran iṣẹ́ ìwádìí lọ́wọ́ ló wà lọ́kàn rẹ̀. Regeni kọ̀. Ó ní owó náà kì í ṣe ti òun, òun ò lè ná an bẹ́ẹ̀. Ohùn rẹ̀ wà nínú fídíò náà, ó ń fi sùúrù ṣàlàyé, láìmọ ẹni tó ń gbọ́.

Ní September 2016, olùpẹjọ́ àgbà Íjíbítì gbà pé olórí ẹgbẹ́ náà ló fẹjọ́ Regeni sun ọlọ́pàá, àti pé ọjọ́ mẹ́ta ni wọ́n fi wádìí rẹ̀. Wọ́n ní àwọn ò rí ohun tó lè ṣe ìlú léṣe lọ́wọ́ rẹ̀. Inú oṣù January náà ni ìwádìí yẹn, kó tó di ọjọ́ tó jáde nílé ní aago 7:41.

Àwọn òṣìṣẹ́ aláàbò Íjíbítì mẹ́rin ni Rome fẹ̀sùn kàn. Cairo kọ̀ láti sọ ibi tí wọ́n ń gbé, kò sì ṣeé ṣe láti fi ìwé ìpẹ̀jọ́ lé wọn lọ́wọ́. Ìdí nìyẹn tí ẹjọ́ náà fi dúró ní 2021. Ní 2023, ilé-ẹjọ́ tó ń rí sí òfin ilẹ̀ Ítálì ní kí wọ́n gbọ́ ọ láìsí wọn níbẹ̀. Ìgbẹ́jọ́ bẹ̀rẹ̀ ní February 20, 2024.