Ìjìnnà láàárín Pápákọ̀ Òfurufú Ìbàdàn àti ti Ìlọrin

Ìjìnnà láàárín Pápákọ̀ Òfurufú Ìbàdàn àti Pápákọ̀ Òfurufú Ìlọrin jẹ́ nǹkan bí 132 km lójú òfurufú. Pápákọ̀ Ìbàdàn (IBA) wà ní Alákìá ní Ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́; ti Ìlọrin (ILR) wà ní Ìpínlẹ̀ Kwara. Ìlú Ọ̀yọ́ àti Ògbómọ̀ṣọ́ wà láàárín méjèèjì, àwọn pápákọ̀ yìí sì ni àwọn ará ibẹ̀ sábà máa ń yàn láàárín wọn.

Orúkọ

Ní ọdún 2023, ìjọba àpapọ̀ fi orúkọ Samuel Ládòkè Akíntọ́lá pe pápákọ̀ Ìbàdàn, ó sì fi ti Ọ̀gágun Túndé Ìdíàgbọn pe ti Ìlọrin. Ògbómọ̀ṣọ́ ni wọ́n ti bí Akíntọ́lá, ẹni tí ó jẹ́ Ààrẹ Ọ̀nà Kakaǹfò kẹtàlá. Síbẹ̀, pápákọ̀ tí ó ń jẹ́ orúkọ rẹ̀ kọ́ ni ó sún mọ́ ìlú rẹ̀ jù.

Ìṣirò ìjìnnà

Ìlà ìbú àti ìlà òró ayé ni a fi ń ṣírò ìjìnnà òfurufú. Ìbàdàn wà ní 7.36° àríwá àti 3.98° ìlà-oòrùn, Ìlọrin wà ní 8.44° àríwá àti 4.49° ìlà-oòrùn. Ìyàtọ̀ wọn jẹ́ nǹkan bí 119 km sí àríwá àti 57 km sí ìlà-oòrùn. Bí a bá fi méjèèjì ṣe apá onígun mẹ́ta tí igun rẹ̀ kan jẹ́ 90°, ẹ̀gbẹ́ tí ó gùn jù yóò jẹ́ 132 km.

Lójú òfurufú:
- Ògbómọ̀ṣọ́ sí pápákọ̀ Ìlọrin: nǹkan bí 43 km, sí ti Ìbàdàn: 91 km
- Ìlú Ọ̀yọ́ sí pápákọ̀ Ìbàdàn: nǹkan bí 54 km, sí ti Ìlọrin: 90 km

Àkókò ìrìnàjò

Ọkọ̀ òfurufú tí ó ń sáré 500 km ní wákàtí kan yóò rin 132 km ní nǹkan bí ìṣẹ́jú 16. Ṣùgbọ́n kì í wà lórí eré yìí láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin: ó ní láti gòkè, kí ó yí sí ọ̀nà rẹ̀, kí ó sì dẹwọ́ eré kí ó tó balẹ̀. Nítorí náà, ó lè tó ìdajì wákàtí.

Yíyan pápákọ̀

Ẹni tí ó bá gbéra láti Takie, ní àárín ìlú Ògbómọ̀ṣọ́, yóò kọ́kọ́ wọ mọ́tò: nǹkan bí 57 km dé Ìlọrin, tàbí 104 km dé Ìbàdàn. Bí ó bá ń lọ sí Àbújá, Ìlọrin ni ó yá jù, nítorí pé 311 km ni láti ibẹ̀ lójú òfurufú, nígbà tí ti Ìbàdàn jẹ́ 405 km. Bí ó bá ṣe Èkó ni ó ń lọ, ọ̀rọ̀ yí padà. Láti Ìlọrin dé Èkó jẹ́ 243 km, láti Ìbàdàn sì jẹ́ 113 km. Ẹni tí ó bá gba Ìlọrin lọ yóò kọ́kọ́ kọ ẹ̀yìn sí Èkó kí ó tó wọ ọkọ̀ òfurufú. Nítorí náà, pápákọ̀ tí ó sún mọ́ ilé jù kì í fi gbogbo ìgbà jẹ́ èyí tí ń dín ìrìnàjò kù.