DNA Fáírọ́ọ̀sì Tí A Jogún àti Àrùn Tí Ara Fi Ń Bá Ara Rẹ̀ Jà

DNA fáírọ́ọ̀sì tí a jogún ni àjẹkù àwọn fáírọ́ọ̀sì tó wọ ara àwọn baba ńlá ènìyàn láti àìmọye ọdún sẹ́yìn, tó so mọ́ DNA inú àtọ̀ tàbí ẹyin, tí òbí sì ń fi lé ọmọ lọ́wọ́ títí di òní. Nǹkan bí ìdá 8 nínú 100 gbogbo DNA wa ni. Ọmọ Ìjẹ̀bú-Òde tó mọ oríkì orílẹ̀ rẹ̀ dáadáa ń gbé ogún kan kiri tó ti wà tipẹ́ kí Ọbańta, ọba àtijọ́ Ìjẹ̀bú, tó dé ilẹ̀ náà. Ọ̀pọ̀ jù lọ nínú àjẹkù yìí ti kú pátá. Àwọn díẹ̀ tí kò tíì kú tán ni àwọn onímọ̀ ń fura sí, pé wọ́n lè wà lára ohun tó ń mú kí sójà ara kọjú ìjà sí ara tó yẹ kó máa ṣọ́.

Nínú irú àrùn bẹ́ẹ̀, lúpọ́ọ̀sì wà lára èyí tó máa ń ṣòroó dá mọ̀. Ara á máa gbóná, oríkèé á máa ro, irun á máa re, nǹkan á sú sí ẹ̀rẹ̀kẹ́, kíndìnrín sì lè ti bàjẹ́ kí ẹnikẹ́ni tó fura. Ní Ìjẹ̀bú, bí orúnkún obìnrin bá wú, làkúrègbé ni wọn yóò pè é. Bí ara rẹ̀ bá gbóná, wọn á ní ibà ni. Ọ̀pọ̀ oṣù lè gba ibẹ̀ lọ.

Ìbàdàn, tí kò jìnnà sí Ìjẹ̀bú-Òde, ní ipa pàtàkì nínú ìtàn yìí. Ní àwọn ọdún 1960, dókítà ará Bìrìtìkó kan, Brian Greenwood, ṣiṣẹ́ ní ilé ìwòsàn UCH níbẹ̀. Ó ṣàkíyèsí pé àrùn tí ara fi ń bá ara rẹ̀ jà kò wọ́pọ̀ láàárín àwọn aláìsàn ibẹ̀. Ní 1968 ó kọ ọ́ sínú ìwé ìròyìn ìṣègùn The Lancet pé ó ṣeé ṣe kó jẹ́ ibà àti aràn tó ń yọ wá lẹ́nu láti kékeré ló ń gbà wá lọ́wọ́ rẹ̀. Ní 1970, òun àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ kó ibà ti eku ran irú eku kan tí wọ́n ti ń sìn ní New Zealand, tí lúpọ́ọ̀sì máa ń mú láìsí ẹni tó kó o ràn wọ́n. Àìsàn náà sì rọ̀ lára wọn.

Ibi tí ìtàn náà ti wá dùn nìyí: àwọn eku wọ̀nyẹn gan-an jogún fáírọ́ọ̀sì nínú DNA wọn. Nígbà tó yá, àwọn onímọ̀ rí gp70, èròjà ara èèpo fáírọ́ọ̀sì yẹn, nínú kíndìnrín wọn tó ti bàjẹ́, pẹ̀lú ohun ìjà tí ara fi ń gbógun tì í. Láti ìgbà náà ni ìbéèrè ti ń tẹ̀ síwájú bóyá ti ènìyàn rí bẹ́ẹ̀.

(Kí a má gbà pé lúpọ́ọ̀sì kò sí lọ́dọ̀ wa ṣá o. Ní 2009, àwọn dókítà Adelowo àti Oguntona ròyìn láti Èkó pé 66 nínú aláìsàn 1,250 tí oríkèé àti ẹran ara ń yọ lẹ́nu ló ní in.)

Ti ènìyàn kò rọrùn bẹ́ẹ̀. Fáírọ́ọ̀sì àtijọ́ tí wọ́n ń pè ní HERV-W ni wọ́n ń fura sí nínú multiple sclerosis, àrùn tó ń bó èèpo ara iṣan ọpọlọ. Síbẹ̀, láti ara ẹbí HERV-W yìí kan náà ni èròjà syncytin ti wá, tó ń bá ibi ọmọ ṣiṣẹ́ nínú oyún. Láìsí i, a kò mọ bí ìyá wa ì bá ti ṣe rù wá. Àjẹkù mìíràn, HERV-K, jókòó sáàárín jíìnì C4 ọ̀pọ̀ ènìyàn. Ẹni tí ẹ̀dà C4 rẹ̀ bá kéré ni lúpọ́ọ̀sì sì ń tètè mú jù, àmọ́ èyí kò tíì túmọ̀ sí pé àjẹkù náà ló jẹ̀bi. Ẹ̀rí tó tún yani lẹ́nu jáde ní 2025, nígbà tí àwọn onímọ̀ Yunifásítì Osaka ní Japan so lúpọ́ọ̀sì mọ́ HHV-6B. Ara gbígbóná àwọn ọmọdé ni fáírọ́ọ̀sì yìí sábà máa ń fà, ṣùgbọ́n nǹkan bí ẹnì kan nínú 100 káàkiri ayé ló bá irú rẹ̀ wáyé, tó wà ní ṣóńṣó okùn DNA inú gbogbo ara rẹ̀.

Ẹ̀jẹ̀ Yorùbá kò gbẹ́yìn nínú ìwádìí yìí. Fún HapMap, iṣẹ́ àgbáyé lórí ìyàtọ̀ inú DNA ènìyàn tó jáde ní 2005, ìdílé 30 ní Ìbàdàn, bàbá, ìyá àti ọmọ, ló fi ẹ̀jẹ̀ sílẹ̀. Àwọn Yorùbá Ìbàdàn tún wà nínú àkójọ DNA àwọn ènìyàn tó lé ní 2,500 tí wọ́n fi wá HERV-K ní 2016. Oríṣi 19 tí ẹnikẹ́ni kò tíì rí rí ni wọ́n bá níbẹ̀, ọ̀kan sì pé láìbàjẹ́ lórí kírómósómù X. Àwọn kan ní in, àwọn kan kò ní in, irú ìyàtọ̀ bẹ́ẹ̀ ló yẹ kí a fi wé ara ẹni tí àrùn mú àti ẹni tí kò mú.

Wọ́n ti dán oògùn wò. Temelimab, tí wọ́n ṣe láti dí HERV-W lọ́wọ́, kò dé ibi tí wọ́n fojú sùn nínú ìdánwò kan lórí multiple sclerosis. Dókítà tó bá fura sí lúpọ́ọ̀sì ní Ìjẹ̀bú-Òde kò tíì ní ìdí láti wá fáírọ́ọ̀sì àjogúnbá kankan. Ẹ̀jẹ̀ àti ìtọ̀ ni yóò yẹ̀ wò. Oògùn tí yóò sì kọ́kọ́ kọ lè jẹ́ hydroxychloroquine, ọmọ ìyá chloroquine, oògùn ibà àtijọ́ tí ń mú kí gbogbo ara máa yún ni.