Abísínwín: Ohun tí Houston àti Aro fi yé wa

Ọ̀rọ̀ abísínwín ni mo bá wá lónìí, àìsàn ọpọlọ tó máa ń ṣe obìnrin lẹ́yìn ìbímọ. Ọjọ́ pẹ́ tí àwọn ìyá wa ti fún un lórúkọ. Àmọ́ tá a bá dé ṣọ́ọ̀ṣì, a máa ń ṣe bíi pé kò lè ṣe onígbàgbọ́.

Ẹ jẹ́ ká wo ohun tó ṣẹlẹ̀ nílùú yìí. Ní ọjọ́ 20 oṣù Kẹfà, ọdún 2001, ní agbègbè Clear Lake, Andrea Yates ri àwọn ọmọ rẹ̀ márààrún sínú omi ìwẹ̀, gbogbo wọn sì kú. Nọ́ọ̀sì ni tẹ́lẹ̀, ilé wọn kì í sì í fi Bíbélì ṣeré. Ní 1999, lẹ́yìn ọmọ kẹrin, ó gbìyànjú láti pa ara rẹ̀. Dókítà kìlọ̀ pé tó bá tún bímọ, àìsàn náà lè padà. Ó bí ìkarùn-ún ní 2000. Bàbá rẹ̀ kú ní oṣù Kẹta 2001, àìsàn náà sì tún gbé e dé.

Ó sọ fún àwọn dókítà pé Sátánì wà nínú òun, pé ńṣe lòun ń gba àwọn ọmọ òun lọ́wọ́ ọ̀run àpáàdì. Ṣé ẹ gbọ́ bó ṣe sọ ọ́? Èdè ṣọ́ọ̀ṣì ni àìsàn náà fi ń sọ̀rọ̀. Aṣọ tí àìsàn ọpọlọ bá bá nínú ilé ló máa ń wọ̀. Ìdí nìyẹn tí ará ìjọ fi lè gbọ́ ọ, kó sì rò pé ọ̀rọ̀ ẹ̀mí lásán ni.

Ní 2002, ilé ẹjọ́ dá a lẹ́bi. Ní 2006, wọ́n tún ẹjọ́ náà gbọ́, ìgbìmọ̀ ní kò jẹ̀bi nítorí pé orí rẹ̀ kò pé nígbà náà. Ilé ìwòsàn ni wọ́n gbé e lọ.

Ohun kan wà níbẹ̀ tó ń dùn mí. Dókítà ti ní kí wọ́n má fi òun nìkan sílẹ̀. Láàárọ̀ ọjọ́ yẹn, ọkọ ti lọ síbi iṣẹ́, ìyá ọkọ ò sì tíì dé. Bíi wákàtí kan péré ló wà láàárín.

Ìyẹn ló mú mi rántí Abẹ́òkúta. Ṣáájú àkókò yẹn, àtìmọ́lé ni ìjọba òyìnbó fi ń tọ́jú irú àwọn aláìsàn bẹ́ẹ̀, bíi ní Yaba láti 1907. Ní 1954, Dókítà Adéoyè Lámbò, ọmọ Abẹ́òkúta tó kàwé ní Birmingham, bẹ̀rẹ̀ ètò míì ní Aro. Ó fi àwọn aláìsàn wọ̀ sílé àwọn ará abúlé tó wà nítòsí. Aláìsàn gbọ́dọ̀ mú ẹbí kan dání, ó kéré tán, tí yóò máa se oúnjẹ fún un, tí yóò sì máa sìn ín lọ gba ìtọ́jú láàárọ̀. Bó bá di ọ̀sán, wọ́n á jọ padà sí abúlé. Àwọn kan lára wọn ń sọ pé àjẹ́ ló ń da àwọn láàmú. Lámbò kò fi wọ́n ṣẹ̀sín, kò sì tìtorí ìyẹn dá oògùn dúró. Oògùn ń ṣiṣẹ́, ojú ẹbí náà kò kúrò lára wọn.

Nílé, ìyá ló máa ń wá bá ọmọ rẹ̀ wẹ ọmọ tuntun. Níbí, físà lè má jẹ́ kó dé. Ta ni yóò wá ṣe ẹbí tí Lámbò bèèrè yẹn? Ẹ̀yin ìyá ìjọ ni. Tí arábìnrin kan bá ní òun ń gbọ́ ohùn tó ń sọ pé kí òun pa ọmọ òun, ẹ má sọ pé ìgbàgbọ́ rẹ̀ ló kéré. Ẹ gbàdúrà, ẹ gbé e lọ sílé ìwòsàn lọ́jọ́ yẹn gan-an, ẹ má sì fi òun àti ọmọ nìkan sílẹ̀, ì báà ṣe wákàtí kan. Ẹ lè pe 988 tọ̀sántòru.

Èlíjà pàápàá, nígbà tó ní kí Ọlọ́run gba ẹ̀mí òun, oorun àti oúnjẹ ló kọ́kọ́ rí gbà, kò rí ìbáwí.