Bí BP Ṣe Di AP: Nígbà Tí Nàìjíríà Fi Owó àti Epo Jagun

 

Láti ìgbà tí Rọ́ṣíà ti kó ọmọ ogun wọ Ukraine ní oṣù Kejì ọdún 2022, ọ̀rọ̀ sáńṣọ̀n ò kúrò lẹ́nu àwọn oníròyìn. Amẹ́ríkà àti Yúróòpù gbẹ́sẹ̀ lé owó Rọ́ṣíà tó wà lọ́dọ̀ wọn, wọ́n ní àwọn ò ní ra èyí lọ́wọ́ rẹ̀, àwọn ò ní ta tọ̀hún fún un. Lórí àwọn gúrúpù WhatsApp wa, ẹnu ò kò. Ẹnìkan á ní ìjà òyìnbó nìyẹn, adúláwọ̀ ò lè jà á. Ẹlòmíì á ní kò wúlò rárá, tálákà nìkan ló ń pa.

Ẹ jẹ́ ká ṣe sùúrù ná. Àwa náà ti jà á rí, Èkó yìí gan-an la sì ti jà á. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ mọ Western Avenue kó tó di Funsho Williams, ẹ ó rántí pé ilé epo BP wà káàkiri ìgboro nígbà náà. Ọdún 1979 ni orúkọ yẹn bẹ̀rẹ̀ sí í pa rẹ́, tí AP rọ́pò rẹ̀. BP ò tà á fún ẹnikẹ́ni o. Ìjọba Nàìjíríà ló gbà á, nítorí ogun tó ń jà níbi tó jìnnà sí wa ju ẹgbẹ̀rún méjì máìlì lọ.

Dídí ọ̀nà kì í ṣe tuntun nílẹ̀ Yorùbá

Àwọn baba wa ti mọ̀ tipẹ́ pé ẹni tí apá ò ká lójú ogun, a lè dí ọ̀nà ọjà mọ́ ọn. Ní 1877, nígbà tí Ààrẹ Látòósà ti Ìbàdàn gbógun ti àwọn Ẹ̀gbá, Ẹ̀gbá àti Ìjẹ̀bú dí ọ̀nà Èkó mọ́ Ìbàdàn. Iyọ̀ wọ́n, ìbọn àti ẹ̀tù wọ́n. Lọ́dún tó tẹ̀ lé e, Èkìtì Parapọ̀ dìde, ogun Kírìjì bẹ̀rẹ̀. Síbẹ̀ Ìbàdàn ò tètè rọ̀, torí pé ọ̀nà kan ṣì ṣí sílẹ̀: ọ̀nà Òkè-Igbó àti Oǹdó, tó gba ẹ̀yìn já sí Èkó. Ó di 1886 kí wọ́n tó tọwọ́ bọ̀wé àdéhùn.

Ẹ fi ọ̀rọ̀ ọ̀nà ẹ̀yìn yẹn sọ́kàn. Ó máa tó padà wá.

Ìpàdé Èkó, oṣù Kìíní 1966

Ní ọjọ́ 11 oṣù Kọkànlá 1965, Ian Smith àti àwọn òyìnbó kéréje tó ń ṣèjọba Rhodesia, ilẹ̀ tá à ń pè ní Zimbabwe lónìí, kéde òmìnira tiwọn kí ìjọba má baà bọ́ sọ́wọ́ àwọn onílẹ̀. Olórí ìjọba wa, Tafawa Balewa, pe àwọn olórí Commonwealth sí Èkó ní ọjọ́ 11 àti 12 oṣù Kìíní 1966. Ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tí irú ìpàdé bẹ́ẹ̀ máa wáyé níta London. Harold Wilson, olórí ìjọba Gẹ̀ẹ́sì, fọwọ́ sọ̀yà níbẹ̀ pé sáńṣọ̀n á mú Smith wálẹ̀ láàárín ọ̀sẹ̀ mélòó kan, pé kò ní tó ká máa ka oṣù. Ọjọ́ mẹ́ta lẹ́yìn ìpàdé, àwọn sọ́jà fìbọn gbàjọba, wọ́n sì pa Balewa.

Ọ̀sẹ̀ mélòó kan tí Wilson sọ di ọdún mẹ́rìnlá. Kí ló fà á? Ọ̀nà ẹ̀yìn náà ni. Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé fòfin de òwò pẹ̀lú Rhodesia ní oṣù Kejìlá 1966, ṣùgbọ́n ìkáwọ́ Portugal ni Mozambique wà nígbà yẹn, Gúúsù Áfíríkà sì ń ti Smith lẹ́yìn. Epo ń gba ọ̀dọ̀ wọn wọlé. Nígbà tí ìjọba Gẹ̀ẹ́sì fúnra rẹ̀ ní kí wọ́n wádìí, ìwé Bingham tó jáde ní 1978 fi hàn pé epo Shell àti BP wà lára èyí tó ń dé ibẹ̀.

Epo sì ni ọkọ̀ ogun ń mu. Àwọn sọ́jà Smith kọjá ààlà wọ Mozambique, wọ́n ju bọ́ǹbù sí Chimoio ní oṣù Kọkànlá 1977. Wọ́n wọ Zambia náà, títí dé Lusaka gan-an ní oṣù Kẹrin 1979.

Ogun wọ Àǹgólà

Gúúsù Áfíríkà ló tún wá le jù. Ní oṣù Kẹwàá 1975, nígbà tí Àǹgólà ku ọ̀sẹ̀ díẹ̀ kó gba òmìnira, àwọn sọ́jà ìjọba ẹlẹ́yàmẹ̀yà ti Pretoria kọjá ààlà, wọ́n forí lé Luanda. Títí di ìgbà náà, Nàìjíríà ò tíì gbè sẹ́yìn ẹgbẹ́ kankan nínú àwọn mẹ́ta tó ń bára wọn jà níbẹ̀. Ṣùgbọ́n nígbà tí Pretoria wọ̀ ọ́, Murtala Muhammed ò ronú lẹ́ẹ̀mejì. Ní ọjọ́ 25 oṣù Kọkànlá, Nàìjíríà kéde pé MPLA ni ìjọba Àǹgólà. Ní ọjọ́ 11 oṣù Kìíní 1976, Murtala dìde ní Addis Ababa, ó sọ lójú gbogbo ayé pé Áfíríkà ti dàgbà, kò sí agbára kan níta tó lè máa pàṣẹ fún un mọ́. Oṣù tó tẹ̀ lé e ni wọ́n pa á. Ọ̀gágun Olúṣẹ́gun Ọbásanjọ́ gba ipò rẹ̀, ó sì ń bá ìjà náà lọ.

Ṣùgbọ́n ẹ gbọ́ o, báwo ni Nàìjíríà ṣe fẹ́ bá Pretoria jagun? A ò bá wọn pààlà. Ohun tó wà lọ́wọ́ wa kò ju epo, owó àti ohùn lọ. Ìyẹn la fi jà.

Mainland náà rí lára rẹ̀. Pápá ìṣeré ńlá tó wà ní Sùúrùlérè, tó gba àlejò ìdíje gbogbo Áfíríkà ní 1973, ló yẹ kó máa mú àwọn eléré wa gbára dì fún Òlíḿpíìkì Montreal 1976. Wọ́n lọ lóòótọ́, ṣùgbọ́n wọ́n padà, pẹ̀lú ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè Áfíríkà, torí pé wọ́n gba New Zealand láyè, ẹni tó lọ bá Gúúsù Áfíríkà gbá rugby. Ẹ rò ó wò: ọdún mẹ́rin ni ọmọkùnrin kan fi sáré lórí pápá láàárọ̀ kùtù, ó dé ẹnu ọ̀nà, wọ́n ní kó máa bọ̀ nílé. Ní 1978, a tún kọ ìdíje Commonwealth ní Edmonton.

Ní oṣù Kẹjọ 1977, Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé ṣe ìpàdé àgbáyé lórí ọ̀rọ̀ ẹlẹ́yàmẹ̀yà ní Èkó níbí. Nígbà tó di ọjọ́ 4 oṣù Kọkànlá ọdún yẹn, Ìgbìmọ̀ Ààbò sọ ọ́ dòfin pé kí ẹnikẹ́ni má ta ohun ìjà fún Pretoria mọ́.

Báǹkì Barclays àti ilé epo BP

Báǹkì ni wọ́n kọ́kọ́ mú. Ẹ̀ka Barclays ní Gúúsù Áfíríkà ti yá ìjọba ibẹ̀ lówó tí wọ́n fẹ́ fi ra ohun ìjà. Ní 1978, Ìjọba Àpapọ̀ ní kí gbogbo ilé-iṣẹ́ ọba kó owó wọn kúrò ní Barclays, kí báǹkì náà sì dín àwọn òyìnbó tó ń bá a ṣiṣẹ́ níbí kù. Lọ́dún 1979, Barclays ti di Union Bank.

Lẹ́yìn náà ló kan BP. Ọkọ̀ ojú omi kan tó jẹ́ ti Gúúsù Áfíríkà, tí BP háyà, wá gbé epo létí omi wa ní 1979, ìjọba mú un. Kò pẹ́ sígbà náà, ìjọba Margaret Thatcher gbà fún BP láti fi epo Òkun Àríwá ṣe pàṣípààrọ̀ tí á jẹ́ kí epo dé Gúúsù Áfíríkà. Ẹ sì wò ó, Gúúsù Áfíríkà ní góòlù, ó ní dáyámọ́ńdì, ó ní èédú, ṣùgbọ́n kò ní epo rọ̀bì. Iran tó ń tà fún un tẹ́lẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ yí ìjọba padà, wọ́n sì ti dáwọ́ dúró. Ibi tó ti ń dun Pretoria gan-an nìyẹn.

Ní ọjọ́ 31 oṣù Keje 1979, nígbà tó ku ọ̀la kí àwọn olórí Commonwealth pàdé ní Lusaka, Ọbásanjọ́ kéde pé Nàìjíríà ti gba gbogbo ohun tí BP ní níbí. Ìpín rẹ̀ nínú Shell-BP, tí í ṣe ìdá 20 nínú 100, bọ́ sọ́wọ́ NNPC. Àwọn ilé epo rẹ̀ di African Petroleum, AP wa náà nìyẹn, tó tún wá di Forte Oil, kó tó di Ardova.

Ohun tá à ń bèèrè ò farasin: kí Thatcher má ṣe gba ìjọba gbà-má-bínú tí Smith gbé kalẹ̀ ní Rhodesia. Ní Lusaka, wọ́n fẹnu kò sí ìpàdé tuntun ní London. Wọ́n tọwọ́ bọ̀wé níbẹ̀ ní oṣù Kejìlá, Zimbabwe sì gba òmìnira ní ọjọ́ 18 oṣù Kẹrin 1980. N ò ní BP nìkan ló ṣe é o. Àwọn tó ń jà nínú igbó ló san èyí tó pọ̀ jù. Ṣùgbọ́n nígbà tí Thatcher jókòó ní Lusaka, ó ti mọ iye tí ọ̀rọ̀ náà lè ná Gẹ̀ẹ́sì.

Ta ló san owó rẹ̀?

Ibi tí mo fẹ́ kẹ́ ẹ fetí sí jù nìyí. Láti oṣù Kejìlá 1976 ni ìjọba ti dá owó ìrànlọ́wọ́ fún gúúsù Áfíríkà sílẹ̀. Àwọn òṣìṣẹ́ ọba ń dá nínú owó oṣù wọn, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ń fi owó oúnjẹ ọ̀sán sílẹ̀. Àwọn ọmọ Gúúsù Áfíríkà tó sá lẹ́yìn ìpakúpa Soweto wá kàwé nílé ẹ̀kọ́ wa. Thabo Mbeki, tó wá di Ààrẹ níbẹ̀, ló ń ṣojú ANC ní Èkó lápá ìparí 1976 sí 1978.

Zambia san ju tiwa lọ. Ọdún bíi márùn-ún ni ó fi ti ààlà rẹ̀ pẹ̀lú Rhodesia, títí ajílẹ̀ fi wọ́n lọ́wọ́ àgbẹ̀. Ní oṣù Kẹwàá 1978, Kaunda ní láti ṣí ọ̀nà rélùwéè náà padà. Ẹni tó bá fẹ́ dí ọ̀nà mọ́ aládùúgbò gbọ́dọ̀ ka oúnjẹ inú àká tirẹ̀ kó tó bẹ̀rẹ̀.

Ọjọ́ 19 oṣù Karùn-ún 1986

Ọbásanjọ́ ti fi ipò sílẹ̀ nígbà tí Commonwealth rán òun àti Malcolm Fraser ti Australia, pẹ̀lú àwọn àgbà mìíràn, láti lọ wá ọ̀nà àlàáfíà ní Gúúsù Áfíríkà. Wọ́n ṣì wà níbẹ̀ lórí ọ̀rọ̀ náà nígbà tí Pretoria kọlu Gaborone, Harare àti Lusaka lọ́jọ́ kan ṣoṣo. Àwọn àgbà náà palẹ̀ ẹrù wọn mọ́. Ìwé tí wọ́n kọ kì í ṣe ti àrọwà mọ́: wọ́n ní ó ti di dandan kí ayé dí ọ̀nà ọrọ̀-ajé mọ́ wọn.

Thatcher ò fẹ́. Nàìjíríà kọ ìdíje Commonwealth ní Edinburgh, orílẹ̀-èdè 32 lápapọ̀ ò sì lọ. Ní oṣù Kẹwàá, ilé aṣòfin Amẹ́ríkà ṣòfin sáńṣọ̀n, Reagan kọ̀ ọ́, wọ́n fi ìbò borí rẹ̀. Barclays náà jáde ní Gúúsù Áfíríkà kí ọdún tó parí. Nígbà tí ogun Àǹgólà tún gbóná ní 1987 sí 1988, ọkọ̀ òfurufú Pretoria ti gbó, kò sì rí tuntun rà. Ní oṣù Kejìlá 1988, wọ́n fọwọ́ sí i pé àwọn á fi Namibia sílẹ̀. Mandela jáde lẹ́wọ̀n ní ọjọ́ 11 oṣù Kejì 1990.

Ohun tó yẹ ká mú níbẹ̀

Bí wọ́n bá tún ń jiyàn sáńṣọ̀n lórí gúrúpù yín, ẹ bi wọ́n ní ìbéèrè mẹ́rin. Ta gan-an là ń lù? Ọ̀nà ẹ̀yìn wo ló ṣì ṣí? Ta ló máa san owó rẹ̀ nílé wa, ṣé wọ́n sì ti bá a sọ ọ́? Kí ni ẹni tá à ń lù máa ṣe ká tó ṣílẹ̀kùn fún un?

Ọ̀rọ̀ Niger kọ́ wa ní ti ìkẹta. Ìfipá-gbàjọba ló fa tiyẹn ní 2023. A ti ààlà, a gé iná mànàmáná wọn, oníṣòwò ẹnubodè lápá ọ̀dọ̀ wa jẹ nínú rẹ̀. Lẹ́yìn oṣù bíi méje, ECOWAS ṣí i padà, àwọn sọ́jà ibẹ̀ ò sì tíì gbé ìjọba sílẹ̀.

Ti oṣù Kẹsàn-án 2019 náà wà níbẹ̀. Nígbà tí wọ́n ń lu àwọn ènìyàn wa ní Johannesburg, àwọn kan lọ fọ́ Shoprite lápá Lẹ́kí. Ọmọ Nàìjíríà ló ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀, ọmọ Nàìjíríà ló pàdánù iṣẹ́ òòjọ́ rẹ̀. Inú ń bí wa, ó sì tọ́ kó bí wa. Ṣùgbọ́n ìbínú ọ̀hún ò lu ẹnikẹ́ni ní Pretoria. Àwọn tó gba BP ò fọ́ gíláàsì kankan. Wọ́n mọ ẹni tí wọ́n ń lù, wọ́n sì mọ ohun tí wọ́n ń bèèrè.

Ẹ̀bẹ̀ kan ló kù. Bàbá tàbí ìyá tó ṣiṣẹ́ ọba láàárín 1976 sí 1979 ṣì wà nínú ilé púpọ̀ wa, ní Yaba, ní Mushin, ní Sùúrùlérè. Ẹ bi wọ́n léèrè owó tí wọ́n dá. Ẹ gba ohùn wọn sórí fóònù, kẹ́ ẹ fi ránṣẹ́ sí akọ̀wé ẹgbẹ́. Bí wọ́n bá ní ìwé owó oṣù ìgbà náà, ẹ ya fọ́tò rẹ̀. Wọ́n ti ń dín kù, kò sì sí ẹni tó kọ orúkọ wọn sára ilé epo kankan.