Bọ́ọ̀lù Tí Kò Bẹ̀rù Òtútù

Ní Amẹ́ríkà, eré kan wà tí wọ́n ń gbá lórí pèpéle nígbà tí òjò dídì bá bo ilẹ̀. Tẹ́níìsì orí pèpéle ni wọ́n ń pè é, orúkọ yìí sì máa ń jẹ́ kí èèyàn rò pé àwọn tó kan pèpéle ló dá eré náà sílẹ̀. Èmi kò gbà bẹ́ẹ̀. Bọ́ọ̀lù ló dá a sílẹ̀.

Láyé àtijọ́ ní ilẹ̀ Faransé, awọ ni wọ́n fi ń rán bọ́ọ̀lù tẹ́níìsì, irun ni wọ́n ń kì sínú rẹ̀. Àwọn oníjìbìtì kan ń ki iyanrìn sí i, débi pé Ọba Louis Kọkànlá ṣòfin lòdì sí i ní 1480. (Ẹni tí irú bọ́ọ̀lù bẹ́ẹ̀ bá bà lórí yóò mọ ìdí tí ọba fi dá sí i!) Bọ́ọ̀lù awọ kì í ta lórí koríko. Ní 1839, Charles Goodyear rí i pé bí a bá po imí-ọjọ́ mọ́ rọ́bà tí a sì fi iná sí i, oòrùn kò ní yọ́ ọ, òtútù kò sì ní sọ ọ́ di gbígan mọ́. Bí bọ́ọ̀lù rọ́bà aláfẹ́fẹ́ ṣe ráyè nìyẹn, tí Walter Wingfield fi gbé tẹ́níìsì orí koríko jáde ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní 1874.

Síbẹ̀, òtútù ṣì jẹ́ ọ̀tá bọ́ọ̀lù aláfẹ́fẹ́. Bí ó bá mú gan-an, agbára afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ á dín kù, bọ́ọ̀lù á kàn balẹ̀ pọ̀ọ̀.

Ní 1928, Fessenden Blanchard àti James Cogswell, aládùúgbò méjì ní Scarsdale lẹ́bàá New York, ń wá eré ìta tí wọn yóò máa ṣe nígbà òtútù. Ilẹ̀ ibẹ̀ dà gẹ̀rẹ́, ó sì kún fún àpáta, ni wọ́n bá kan pèpéle pákó. Badminton ni wọ́n kọ́kọ́ fẹ́ gbá, ṣùgbọ́n atẹ́gùn ń gbé ìyẹ́ rẹ̀ kiri. Ẹ wò ó: pèpéle ti wà nílẹ̀, eré kò sí! Inú eré kékeré kan tí àwọn ọmọdé ń fi pátákó gbá ni wọ́n ti mú bọ́ọ̀lù rọ́bà fóòmù. Inú rẹ̀ kún dẹ́múdẹ́mú, kò gbára lé afẹ́fẹ́ tí a sé mọ́nú, atẹ́gùn kò sì lè gbé e bí ìyẹ́.

Nítorí bọ́ọ̀lù yìí ni wọ́n ṣe ta wáyà agò adìyẹ yí pèpéle ká, kó má baà máa sọnù sínú òjò dídì. Nígbà tó yá, wọ́n fàyè gbà á pé bí bọ́ọ̀lù bá ti balẹ̀ lẹ́ẹ̀kan tó sì ta lára wáyà, èèyàn ṣì lè gbá a kó tó tún balẹ̀. Òfin yìí ló mú kí eré náà yàtọ̀ sí tẹ́níìsì, torí ẹni tó ní sùúrù lè borí alágbára.

Òtútù kò fi bọ́ọ̀lù fóòmù náà sílẹ̀ pátápátá o. Ó máa ń dín títa rẹ̀ kù, ooru sì máa ń mú kó ta jù, ìdí nìyí tí àwọn agbábọ́ọ̀lù fi ń wo ojú ọjọ́ kí wọ́n tó yan èyí tí wọn yóò lò. Wọ́n tún máa ń wo irun wúlẹ́ẹ̀lẹ́ ara rẹ̀, nítorí bí ó bá ti gbó, bọ́ọ̀lù á máa yọ̀ lórí pèpéle.

Lónìí, aluminium ti gba ipò pákó, wọ́n sì ń gbé ẹ̀rọ amúlégbóná sábẹ́ pèpéle láti yọ́ òjò dídì. Bọ́ọ̀lù náà ṣì jẹ́ rọ́bà tí inú rẹ̀ kún.