Donny Hathaway àti Orin Olórin

Ọ̀rọ̀ tí mo mú wá kò gùn, ṣùgbọ́n ó ti pẹ́ tí ó ti wà lọ́kàn mi. Ó jẹ mọ́ akọrin kan ní Amẹ́ríkà tí ó kú ní ẹni ọdún 33, tí ó sì jẹ́ pé èyí tí ó pọ̀ nínú àwọn orin tí a fi mọ̀ ọ́n kì í ṣe òun ni ó dá wọn sílẹ̀. Donny Hathaway ni orúkọ rẹ̀. Ìbéèrè mi ni pé: ẹni tí ó ń kọ orin olórin, ipò wo ni ó tọ́ sí i nínú ìtàn orin?

Bí a bá ń sọ ìtàn orin sóòlù, àwọn tí wọ́n dá orin ara wọn sílẹ̀ ni a máa ń kọ́kọ́ fi sójú ọ̀nà: Curtis Mayfield, Stevie Wonder, Marvin Gaye. Èmi náà ti ṣe bẹ́ẹ̀ rí. Mo máa ń sọ fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mi pé Hathaway ní ohùn tí ó ju ti gbogbo wọn lọ, àmọ́ pé ó fi ẹ̀bùn náà ṣòfò sórí iṣẹ́ oníṣẹ́. Mo ti kúrò lórí ọ̀rọ̀ yẹn, mo sì fẹ́ sọ ohun tí ó mú mi kúrò níbẹ̀.

Chicago ni a bí i sí ní ọdún 1945, ṣùgbọ́n ìyá rẹ̀ àgbà, akọrin ìhìnrere tí à ń pè ní Martha Pitts, ni ó tọ́ ọ dàgbà ní St. Louis. Láti kékeré jòjòló, ní nǹkan bí ọmọ ọdún mẹ́ta, ni ó ti ń kọrin níwájú ìjọ. Ẹ fi èyí sọ́kàn, nítorí pé nínú irú ìjọ bẹ́ẹ̀, kò sí ẹni tí ń béèrè pé ta ni ó dá orin sílẹ̀. Ohun tí àwọn ènìyàn ń dúró dè ni bí akọrin yóò ṣe lé e, àti ibi tí yóò ti dákẹ́ kí àwọn lè gbè é. Ní ọdún 1964 ó wọ Yunifásítì Howard ní Washington láti kọ́ ẹ̀kọ́ orin, ó sì fi ibẹ̀ sílẹ̀ ní 1967 láìgba oyè, nítorí pé iṣẹ́ ti ń pè é. Ní Howard ni òun àti Leroy Hutson ti di ọ̀rẹ́, àwọn méjèèjì ni wọ́n sì jọ ṣe “The Ghetto”, orin rẹ̀ tí ó kọ́kọ́ gbajúmọ̀, ní ọdún 1970.

Àwo rẹ̀ kejì, tí ó jáde ní 1971, ni ó fa àríyànjiyàn tí mo ń bá ara mi ṣe. Fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ pé ti ẹlòmíràn ni gbogbo orin inú rẹ̀. Ó mú “Giving Up” tí Van McCoy kọ, tí Gladys Knight àti àwọn Pips ti kọ ní 1964. Ó mú “A Song for You” lọ́wọ́ Leon Russell, òyìnbó ará Oklahoma. Ó mú “He Ain't Heavy, He's My Brother” tí àwọn Hollies ti sọ di orin ńlá ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní 1969. Ó tilẹ̀ mú orin ìhìnrere kan tí ọmọ ilẹ̀ Kánádà, Gene MacLellan, kọ. Ẹni tí ó bá ka orúkọ àwọn orin náà láìgbọ́ àwo yóò rò pé ọjà àlòkù ni ọkùnrin yìí ń tà.

Ẹ gbọ́ “A Song for You”. Leon Russell fi ohùn tí ó há kọ ọ́, bí ẹni tí ó dúró lẹ́nu ọ̀nà tí ń bẹ̀bẹ̀ kí a ṣí ilẹ̀kùn. Hathaway kọ́kọ́ jẹ́ kí dùùrù sọ̀rọ̀ tirẹ̀ ná. Ó wá bẹ̀rẹ̀ nísàlẹ̀ ohùn, kò kánjú, ó ń fi àyè sílẹ̀ láàrin gbólóhùn kan sí èkejì, débi pé nígbà tí ohùn náà bá gòkè, ẹ óò mọ̀ pé kò gòkè láti fi ẹwà hàn, bí kò ṣe pé ọ̀rọ̀ náà ti wúwo ju ibi tí ó wà lọ. Kò yí ọ̀rọ̀ orin náà padà. Síbẹ̀, nínú àwọn tí mo ti gbọ́ tí wọ́n ń kọ ọ́ lẹ́yìn rẹ̀, ipasẹ̀ Hathaway ni ọ̀pọ̀ ń tọ̀. Ipasẹ̀ Russell kò wọ́pọ̀.

Àmọ́ àwo tí ó yí mi lọ́kàn padà ni “Live”, èyí tí ó jáde ní 1972. Ilé ìgbafẹ́ méjì ni wọ́n ti gbà á sílẹ̀ ní ọdún 1971: ojú kan ní Troubadour ní Hollywood, ojú kejì ní Bitter End ní New York. Ẹ wo bí àwọn orin náà ti jẹ́ tuntun tó nígbà náà. “What's Going On” ti Marvin Gaye kò tíì pé ọdún kan lóde. John Lennon gbé “Jealous Guy” jáde ní oṣù September. Nígbà tí oṣù October yóò fi parí, Hathaway ti sọ ọ́ di ohun mìíràn ní Bitter End, ó bọ́ aṣọ gòjé òyìnbó kúrò lára rẹ̀, ó sì fi ìrìn dùùrù ilé ìjọsìn gbé e. Marvin Gaye jókòó sí ilé ìgbohùnsílẹ̀, ó fi ohùn ara rẹ̀ lé, ó tún fi ohùn ara rẹ̀ gbè. Hathaway kò ní irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ lórí ìtàgé; àwọn ènìyàn ni ó ní.

Ibẹ̀ ni “You've Got a Friend” ti wọlé. Carole King ni ó kọ ọ́, ó sì wà nínú àwo rẹ̀ “Tapestry” ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 1971. James Taylor kọ ọ́ tẹ̀ lé e, ó sì gba ipò kìn-ín-ní ní Amẹ́ríkà láàrin ọdún náà. King àti Taylor fúnra wọn ti kọrin ní Troubadour yìí kan náà ní 1970. Hathaway tẹ dùùrù rẹ̀ díẹ̀, àwọn èrò sì hó. Nígbà tí ó dé ègbè, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ fi í sílẹ̀ fún wọn pátápátá. Nígbà tí mo kọ́kọ́ gbọ́ ọ, inú bí mi sí àwọn èrò náà. Mo ní wọ́n ń fi ariwo ba àwo jẹ́. Ó tó ọdún mélòó kan kí n tó mọ̀ pé ibẹ̀ gan-an ni iṣẹ́ ọkùnrin náà wà. Orin ẹni kan sí ẹni kan ni orin King: bí o bá dá wà, pè mí, n óò wá. Hathaway mú un padà sínú àṣà lílé àti gbígbè tí ó bá dàgbà ní St. Louis, àwọn èrò gba ìlérí náà lẹ́nu rẹ̀, wọ́n sì dá a padà fún un. Èyí kò sí nínú ìwé tí King kọ orin náà sí. Ta ni ó dá a sílẹ̀, nígbà náà?

Àwa tí a gbọ́ Yorùbá kò yẹ kí èyí yà wá lẹ́nu. Oníjàálá kì í sọ pé òun ni òun dá oríkì ẹkùn tàbí ti erin sílẹ̀. Ó gbà á lọ́wọ́ àwọn tí ó ṣáájú ni, bí Adébóyè Babalọlá ti ṣàlàyé nínú ìwé rẹ̀ ti ọdún 1966, àwọn tí ó wà nítòsí sì lè dá a dúró bí wọ́n bá rò pé ó ṣì í sọ. Síbẹ̀ a mọ ọ̀gá yàtọ̀ sí ọmọ iṣẹ́. Ṣùgbọ́n mi ò fẹ́ ti àfiwé yìí jù, nítorí ó ní ibi tí ó ti ń tiro. Kò sí ẹni tí ń gba owó orí oríkì erin. Ní Amẹ́ríkà, orin ní olówó tí orúkọ rẹ̀ wà nínú ìwé. Bí ilé iṣẹ́ rédíò bá lu àwo Hathaway, ẹni tí ó kọ orin ni owó ń lọ sọ́dọ̀ rẹ̀. Òfin ibẹ̀ kò fún akọrin ní nǹkan kan nínú owó rédíò náà, títí di òní. Mi ò sọ pé kí a má san án fún Carole King. Iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ ni. Ohun tí mo ń sọ ni pé òfin yìí ti wọ inú ìtàn tí àwa òpìtàn ń kọ: ẹni tí owó mọ̀ ni ìwé mọ̀.

Ìyókù ìtàn rẹ̀ kò gùn. Òun àti Roberta Flack, tí òun náà ti jáde ní Howard ṣáájú rẹ̀, gba ẹ̀bùn Grammy ní 1973 fún “Where Is the Love”. Ní ọdún yẹn kan náà ó gbé “Extension of a Man” jáde, àwo mìíràn kò sì tẹ̀ lé e nígbà ayé rẹ̀ láti ilé ìgbohùnsílẹ̀ ní orúkọ òun nìkan. Àìsàn ọpọlọ dé bá a, ó sì bá a jà fún ọ̀pọ̀ ọdún. Ní ọjọ́ 13 oṣù January, 1979, ó jábọ́ láti ojú fèrèsé hótẹ́ẹ̀lì kan ní New York; òun àti Flack ṣì ń ṣe àwo tuntun lọ́wọ́ nígbà náà. Àwọn kan máa ń fi ikú yìí gbọ́ gbogbo ohun tí ó kọ, wọ́n á ní àwọn ń gbọ́ ẹkún nínú rẹ̀. Èmi kò fara mọ́ ọn. Ẹni tí ó wà ní Troubadour lálẹ́ ọjọ́ yẹn kò mọ ọdún 1979, ayọ̀ ni ó sì wà nínú àwo náà.

Lẹ́yìn ikú rẹ̀, orin tirẹ̀ náà di orin olórin. “Someday We'll All Be Free”, èyí tí Edward Howard kọ ọ̀rọ̀ rẹ̀ tí Hathaway sì dá ohùn rẹ̀, ni Aretha Franklin kọ fún ìparí fíìmù “Malcolm X” ní 1992. Òun náà ni Alicia Keys kọ lórí tẹlifíṣàn ní September 2001, ní ọjọ́ díẹ̀ lẹ́yìn ìkọlù New York. Àwọn tí wọ́n ń wò ó lálẹ́ yẹn kò ní láti mọ ẹni tí ó dá a.

Mo ti gbé àwo “Live” dání wá, ẹ̀rọ sì wà lórí tábìlì níwájú yín yìí. Orin tí ó parí ojú kìn-ín-ní ni a óò gbọ́. Ẹ má ṣe tẹ́tí sí Hathaway nìkan. Ẹ fetí sí ibi tí àwọn èrò ti gbà á lẹ́nu rẹ̀, lẹ́yìn náà ẹ ó bi mí ní ìbéèrè yín.